Ìbéèrè Mpemba Lórí Omi Gbígbóná

Bí ènìyàn bá bu omi sínú ife méjì tí ó dọ́gba, tí omi inú ọ̀kan gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń rú èéfín, tí ti inú èkejì sì rí gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù, tí ó wá gbé méjèèjì sínú fírísà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọmọ tí a óò bi léèrè èyí tí yóò kọ́kọ́ dì tí kò níí nawọ́ sí ife olómi tútù. Ọ̀nà tí ó gbà rò ó kò sì burú: omi gbígbóná ní láti kọ́kọ́ rọlẹ̀ dé ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yóò bá sì fi débẹ̀, èkejì yóò ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń wí pé àwọn fi ojú ara àwọn rí ibi tí omi gbígbóná ti dì ṣáájú omi tútù. Ẹni tí ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé etígbọ̀ọ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n onírùngbọ̀n funfun kan ní ìlú òyìnbó, bí kò ṣe ọmọ iléèwé kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erasto Mpemba.

Ní ọdún 1963, nígbà tí ilẹ̀ Tàńsáníà ṣì ń jẹ́ Tanganyika, Mpemba wà ní kíláàsì kẹta ní iléèwé Magamba. Àwọn ọmọ iléèwé náà a máa ṣe àìsìkirímù fúnra wọn: wọn a se wàrà, wọn a po ṣúgà mọ́ ọn, wọn a sì jẹ́ kí ó tutù kí wọ́n tó gbé e sínú fírísà. Ṣùgbọ́n àyè inú fírísà kò tó, àwọn tí ó fẹ́ lò ó sì pọ̀. Ní ọjọ́ kan, bí Mpemba ti ń se wàrà tirẹ̀ lọ́wọ́, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó po ṣúgà mọ́ wàrà tí kò sè rárá, tí ó sì ń sáré gbé e lọ kí àyè má baà tán. Ọ̀rọ̀ wá di abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Mpemba kò dúró kí wàrà tirẹ̀ tutù mọ́, ó gbé e sínú fírísà bẹ́ẹ̀ ní gbígbóná, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ba fírísà jẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, àwọn méjèèjì padà lọ wo ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀. Wàrà Mpemba ti dì gbagidi. Ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ki lásán ni, kò tí ì dì.

Ó lọ bi olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ físíìsì léèrè ohun tí ó fa èyí, olùkọ́ sì dá a lóhùn pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ni ó dà rú mọ́ ọn lójú. Mpemba gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi, ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń ṣe àìsìkirímù tà ní ìlú Tanga, ọ̀rẹ́ náà sì sọ fún un, láìfi ọ̀rọ̀ náà pe nǹkan bàbàrà, pé ní gbígbóná ni òun máa ń gbé tòun sínú fírísà kí ó lè tètè dì. Ó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí iléèwé ní kò lè ṣẹlẹ̀ ni ọlọ́jà ń fi jẹun ní gbangba. Ẹni tí ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì kí oòrùn tó mú kò ráyè dúró de ìwé kó tó ṣe ohun tí ó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Mpemba dé iléèwé gíga Mkwawa ní ìlú Iringa, wọ́n kọ́ wọn ní òfin tí Newton là sílẹ̀ nípa bí ohun gbígbóná ti ń tutù. Mpemba tún nawọ́ sókè, ó tún béèrè ìbéèrè rẹ̀. Olùkọ́ tuntun yìí kò tilẹ̀ dá a lóhùn bí ẹni tí ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn. Ó fi í ṣe ẹlẹ́yà pé físíìsì ti Mpemba ni èyí, kì í ṣe físíìsì tí gbogbo ayé mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Mpemba bá ṣi ìṣirò ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a hó yè, wọn a ní ìṣirò ti Mpemba nìyẹn. Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní kíláàsì yẹn, àgbà nìkan ni ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹ̀rín pa òun lẹ́nu mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó rí ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní ṣíṣí, ó wọlé, ó bu omi ẹ̀rọ sínú ife kékeré kan, ó bu omi híhó sínú èkejì, ó sì gbé méjèèjì sínú ibi tí fìríìjì ti ń mú omi dì. Nígbà tí ó padà wá wò wọ́n, yìnyín inú ife tí omi rẹ̀ gbóná tẹ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí orí rere ṣínà fún un ni ọjọ́ tí Denis Osborne, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Dar es Salaam, wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní Mkwawa. Nígbà tí àlejò náà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè béèrè, Mpemba dìde. Ó ní bí a bá mú omi ìwọ̀n 35 °C àti omi ìwọ̀n 100 °C, tí omi méjèèjì pọ̀ dọ́gba nínú ife tí ó jọra, tí a sì gbé wọn sínú fìríìjì, ti 100 °C ni ó ń kọ́kọ́ dì. Kí ló dé? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti àwọn mìíràn nítorí ìtìjú tí wọ́n rò pé ó kó bá iléèwé wọn níwájú àlejò. Osborne rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni ọmọ náà ti dán an wò, ó sì ṣèlérí pé òun náà yóò lọ dán an wò. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ó ti padà dé Dar es Salaam, ó ní kí òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá ìwádìí ṣe ìdánwò náà. Òṣìṣẹ́ yìí padà wá jábọ̀ pé lóòótọ́ ni omi gbígbóná kọ́kọ́ dì, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá má ṣe ìyọnu, pé àwọn yóò máa tún un ṣe títí àwọn yóò fi rí èsì tí ó tọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, n kò rí ibi tí ó pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé yàrá ìwádìí kan wà láyé tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí. Ó dára tí Osborne kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀. Ní ọdún 1969, òun àti Mpemba jọ kọ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ físíìsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi orúkọ Mpemba pe ohun ìyanu yìí, tí yẹ̀yẹ́ inú kíláàsì wá di orúkọ inú ìwé ńlá.

Bí a bá tú ìwé àtijọ́, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Aristotle, àgbà ọlọgbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, sọ nípa àwọn ará Pontus létí Òkun Dúdú pé bí wọ́n bá lọ pẹja lórí yìnyín, omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni wọ́n ń dà yí ìdí ọ̀pá ìpẹja wọn ká, kí ó lè tètè dì kí ó sì di ọ̀pá náà mú ṣinṣin. Francis Bacon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́nu bà á ní ọdún 1620. Descartes ní ilẹ̀ Faransé mẹ́nu bà á ní 1637. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ìṣirò nípa ooru títí ìṣirò náà fi gún régé, bí ó sì ti gún régé tán ni wọ́n gbàgbé àwọn apẹja Pontus.

Ohun tí ó fara pamọ́ nínú ìṣòro yìí ni pé àwa tí a ń wo ife méjì náà gbà pé nọ́ńbà tí tẹ̀mọ́mítà bá fi hàn ni gbogbo ìtàn omi. A rò pé omi tí ó ti gbóná dé 100 °C, bí ó bá rọlẹ̀ dé 35 °C, ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú omi tí kò ju 35 °C lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, apá kan nínú omi gbígbóná ti bá èéfín lọ, èéfín náà sì gbé ooru púpọ̀ dání bí ó ti ń lọ, nítorí náà omi tí ó kù láti dì kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn tí ó wà nínú omi tútù ti jáde kúrò nínú èyí tí a ti sè. Ìṣàn abẹ́nú sì ń lọ nínú rẹ̀, tí èyí tí ó gbóná jù ń gòkè wá sójú omi, níbi tí ooru ti rọrùn láti jáde. Tẹ̀mọ́mítà kò lè sọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí fún wa.

Osborne ṣe àyẹ̀wò ọ̀ràn èéfín, ó sì rí i pé omi tí ó ń bá a lọ kò pọ̀ tó láti nìkan dá ọ̀ràn náà; ojú omi tí ó gbóná ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ ni ó fura sí jù. Ẹlòmíràn tún tọ́ka sí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó máa ń bo ilẹ̀ fírísà: ife gbígbóná a yọ́ ọ, a sì jókòó lé irin fírísà gan-an, nígbà tí ife tútù jókòó lé yìnyín náà, tí yìnyín kò sì jẹ́ kí ooru ìdí ife jáde bọ̀rọ̀. Èyí jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n Osborne ti ronú kan án: orí fóòmù ni ó gbé àwọn ife tirẹ̀ lé.

Ó tún ku ìwà kan tí omi ní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ní iléèwé, a kọ́ wa pé ní 0 °C ni omi ń dì, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wa. Lóòótọ́, ní 0 °C ni yìnyín ń yọ́. Ṣùgbọ́n omi tí ó mọ́ tí a kò sì mì lè tutù kọjá ibẹ̀ dé ìwọ̀n mélòó kan nísàlẹ̀ òdo kí ó ṣì máa ṣàn, nítorí pé yìnyín àkọ́kọ́ ń wá ohun tí yóò dì mọ́, ìbáà ṣe eruku tàbí ìhá inú ife. Ní ọdún 1995, David Auerbach sọ èsì ìdánwò rẹ̀ pé omi tí ó tutù láti ìbẹ̀rẹ̀ a máa jìn sí ìsàlẹ̀ òdo ju èyí tí ó gbóná lọ kí ó tó dì. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, omi tútù lè kọ́kọ́ dé 0 °C gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti rò, kí ó sì jókòó síbẹ̀ láìdì, títí omi gbígbóná yóò fi dé tí yóò dì níṣojú rẹ̀.

Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ ńlá àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde ẹ̀bùn fún ẹni tí àlàyé rẹ̀ bá dára jù, àwọn tí ó kọ̀wé wọlé sì lé ní 22,000. Mpemba fúnra rẹ̀ ni ó kéde orúkọ ẹni tí ó borí, Nikola Bregović ará Croatia, ẹni tí ó gbà pé ìṣàn abẹ́nú omi àti títutù kọjá òdo láìdì ni ó para pọ̀ fà á. Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2016, Burridge àti Linden, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ jáde pé àwọn ṣe ìdánwò náà tọkàntọkàn ṣùgbọ́n àwọn kò rí i. Wọ́n tilẹ̀ fi hàn pé bí tẹ̀mọ́mítà inú ife kan bá fi nǹkan bí 1 cm péré ga ju ti èkejì lọ, ó tó láti mú kí ènìyàn rò pé òun ti rí ohun ìyanu Mpemba. Mo gbà pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, àwọn tí ń fi ẹnu lásán gbè lẹ́yìn Mpemba sì yẹ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó sọ àwọn tí ń ṣe àìsìkirímù tà ní Tanga di òpùrọ́, nítorí ife, fírísà àti omi kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo, ìbéèrè nípa ìgbà tí a óò sọ pé omi ti dì pàápàá kò sì ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

Ìwádìí tí ó wá mú mi lọ́kàn jù kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú yìnyín. Ní Yunifásítì Simon Fraser ní ilẹ̀ Kánádà, Avinash Kumar àti John Bechhoefer mú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, wọ́n fi í sínú omi, wọ́n sì ń fi iná lésà tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni pé kòtò méjì wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan jìn, èkejì kò jìn. Ní ọdún 2020 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde: bí wọ́n bá ṣètò àwọn kòtò náà dáadáa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó gbóná jù a máa ṣáájú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò gbóná púpọ̀ dé ìwọ̀n títutù tí àwọn méjèèjì ń lọ. Ó rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá tí ó rí títì gbòòrò gbà, tí ó sì wọ ìlú ṣáájú ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ìlú ṣùgbọ́n tí ó ní láti la igbó ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Ibi tí ọmọ tí a bi léèrè níbẹ̀rẹ̀ ti ṣì í nìyẹn: ó gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà.

Ooru tilẹ̀ ní àrà mìíràn tí ó dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ òdìkejì, èyí tí ó sì wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa. Johann Leidenfrost, oníṣègùn ará Jámánì, kọ̀wé ní ọdún 1756 nípa ṣíbí irin kan tí ó yan nínú iná títí tí ó fi pọ́n, tí ó wá ń kán omi sí i lẹ́kànán-lẹ́kànán. Ẹkán àkọ́kọ́ kò gbẹ: ó ká jọ roboto, ó ń jó kiri inú ṣíbí, ó sì lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó tán. Bí ṣíbí ti ń tutù ni àwọn ẹkán tí ó tẹ̀ lé e ń yára gbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé irin tí ó gbóná kọjá ààlà a máa sọ ìsàlẹ̀ ẹkán omi náà di èéfín lójú ẹsẹ̀, èéfín yìí a sì gbé omi tí ó kù sókè kúrò lára irin, ooru kì í sì í yára la èéfín kọjá. Nígbà tí irin bá tutù díẹ̀, èéfín kò lágbára láti gbé omi mọ́, omi a kan irin, ó di ṣàà! Ẹni tí ó bá ta omi sórí páànù gbígbẹ tí iná ti mú gan-an ti rí i rí.

Kí a má sì rò pé ọmọ iléèwé nìkan ni a ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1818, Augustin Fresnel, ẹnjiníà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ṣíṣe, gbé ìwé kan wọ ìdíje ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Faransé ṣe, pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi. Siméon Poisson, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìdíje náà, tí ìṣirò kì í ṣòro fún, kò gbà. Ó mú ìṣirò Fresnel, ó bá a lọ títí ó fi kan ibi tí ó dà bí ẹni pé wèrè ni: pé bí a bá gbé ohun roboto kékeré kan síwájú ìmọ́lẹ̀, àárín gbùngbùn òjìji rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí òkùnkùn ti pọ̀ jù, yóò mọ́lẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò dí i. Ó rò pé òun ti rí ohun tí yóò fi dá Fresnel lẹ́bi. François Arago, adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ó fi ìda lẹ irin roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 mm mọ́ ara gíláàsì, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì wo òjìji rẹ̀. Ààmì ìmọ́lẹ̀ wà ní àárín. Ní ọdún 1819, Fresnel gba ẹ̀bùn náà, orúkọ Poisson ni wọ́n sì ń fi pe ààmì ọ̀hún títí di òní. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Maraldi ti rí ààmì náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí.

Mpemba ní tirẹ̀ kò di onímọ̀ físíìsì. Ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ ni ó lọ kọ́ nítòsí Moshi, iṣẹ́ ìjọba lórí ẹran ìgbẹ́ ni ó sì ṣe jẹun.

Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kò nílò yàrá ìwádìí, bí ìjọba oníná bá lè ṣàánú rẹ̀ kí iná má lọ fún wákàtí mélòó kan. Kí ó wá ife méjì tí kò yàtọ̀ síra, kí ó má lo gíláàsì tí omi híhó lè là. Kí ó wọn omi tí ó bù sí wọn dọ́gba. Kí ó tẹ́ fóòmù tàbí pákó sábẹ́ wọn. Kí ó sì ti pinnu ṣáájú bóyá yìnyín àkọ́kọ́ tí ojú rí ni òun yóò máa pè ní dídì tàbí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá le tán, nítorí èsì méjèèjì lè yàtọ̀. Bí ó bá tún un ṣe, kí ó pààrọ̀ àyè àwọn ife náà, torí igun kan nínú fírísà a máa tutù ju igun mìíràn lọ. Omi púpọ̀ kò pọn dandan: 50 cm³ ni ife tí Mpemba lò ní Mkwawa, wákàtí kan péré ni ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí ó tó padà wá wò wọ́n.